Ẹnìkejì Eérú

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló di orúkọ mọ́ obìnrin náà lára. Bí oníbàárà bá gbé ṣòkòtò tí iná sìgá jó wá, tàbí kóòtù tí ìṣó fà ya, á gbà á, á gbé e sún mọ́ fèrèsé, á tú fọ́nrán díẹ̀ láti inú ìṣẹ́tí aṣọ náà fúnra rẹ̀, nítorí pé kò sí òwú ọjà tó mọ aṣọ tó òwú ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò jókòó tì í. Abẹ́rẹ́ á gba òkè, á gba ìsàlẹ̀, títí ihò náà á fi di bí ẹni pé kò sí níbẹ̀ rí. Lọ́jọ́ tí aláṣọ bá wá gbà á, ohun tó máa kọ́kọ́ bi í ni pé ṣé ó hàn. Òun náà á dáhùn pé, kò hàn. Ọgbọ̀n ọdún ló fi ń wí bẹ́ẹ̀. Àdúgbò gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀, wọ́n sì fi ń pè é: Ìyá Kòhàn. Orúkọ náà dùn mọ́ ọn, èmi ò sì bá a jà sí i. Ẹni tó mọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ yẹ kó yangàn díẹ̀.

Ọmọ ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ń bá a gbé, ọmọ ọdún mẹ́jọ. Òun náà ní orúkọ tirẹ̀, Oníbéèrè, nítorí pé kò sí ohun tí ọmọ náà kì í bi èèyàn nígbà kan. Kí ló dé tí ojú abẹ́rẹ́ fi jẹ́ ẹyọ kan? Níbo ni àná ń lọ bí òní bá dé? Ṣé òjìji máa ń rẹ̀? Ìyá rẹ̀, ọmọ kan ṣoṣo tí Ìyá Kòhàn bí, a máa fi ọwọ́ di etí, a máa rẹ́rìn-ín, a sì máa dáhùn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n gbé ìyá náà wọ mọ́tò lọ sí ilé ìwòsàn. Kò padà wálé. Bàbá ọmọ náà, awakọ̀ rélùwéè tí kì í sùn ju òru méjì lọ níbì kan, jókòó pẹ̀lú Ìyá Kòhàn nínú ilé ìdáná, wọ́n sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, wọ́n sì fẹnu kò pé ọmọ náà kéré. Wọ́n ní kí wọ́n sọ fún un pé ìyá rẹ̀ rìnrìn àjò. Lọ́jọ́ ìsìnkú, wọ́n gbé e lọ sí ilé aládùúgbò kan tó ní bisikíìtì àti bọ́ọ̀lù. Oṣù méjì gbáko ni ìrìn àjò náà fi gùn. Ṣùgbọ́n bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Ọmọ kan ní ilé ìwé ló sọ ọ́ fún un nígbà tí wọ́n ń jà nítorí ẹyọ ẹfun kan. Oníbéèrè délé lọ́jọ́ náà, ó fi báàgì rẹ̀ kọ́ ìṣó, ó wo ojú ìyá àgbà rẹ̀ pẹ́, kò sì béèrè nǹkan kan.

Láti ọjọ́ náà, kò bi ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè mọ́. Bí ebi bá ń pa á, á ní ebi ń pa òun. Bí wọ́n bá bá a sọ̀rọ̀, á dáhùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Oṣù mẹ́wàá ti kọjá báyẹn, kò sì sí ẹnì kan nínú ilé náà tó tíì la ẹnu wí fún un pé ìyá rẹ ti kú. Wọ́n ń rìn yí ọ̀rọ̀ náà ká bí ẹni tó ń rìn yí kòtò ká. Ìyá Kòhàn mọ̀ pé òun ló gbẹ́ ẹ. Ó kàn ń sọ fún ara rẹ̀ pé yóò di fúnra rẹ̀ ni.

Ehoro méjì tí bàbá rẹ̀ rà fún un nìkan ni ọmọ náà ń bá sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Funfun ni ọ̀kan, ó pè é ní Òwú. Ìkejì dàbí ilẹ̀ ààrò lówùúrọ̀, ó pè é ní Eérú. Inú ilé onípákó kan ní yàrá iṣẹ́ Ìyá Kòhàn lẹ́yìn ilé ni wọ́n ń gbé, wọ́n sì máa ń jáde rìn nínú yàrá náà. Nígbà míì, bí Ìyá Kòhàn bá dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, á dà bí ẹni pé òun ń gbọ́ ìbéèrè nínú ọ̀rọ̀ tí ọmọ náà ń bá wọn sọ. Ó máa ń rọra yọ kúrò níbẹ̀, kó má baà dẹ́rù ba ìbéèrè náà.

Nígbà tí ọlidé dé, ọmọ náà lọ lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ló sọ kó tó lọ. Ó ní, "Ẹ bá mi tọ́jú wọn, Màmá àgbà. Àwọn méjèèjì."

Ó ku ọjọ́ mẹ́jọ kó dé nígbà tí Òwú ṣàìsàn. Àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì ni. Ó ká jọ sí kọ̀rọ̀, ó ń payín keke, Eérú sì ń lá a létí. Ìyá Kòhàn gbé e sínú apẹ̀rẹ̀, ó sáré gbé e lọ. Eérú tẹ̀ lé wọn títí dé ẹnu ọ̀nà, ó fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì dúró, ó ń gbóòórùn afẹ́fẹ́. Dókítà ẹran ṣe ohun tó lè ṣe. Kó tó di ọ̀sán, Òwú ti kú. Dókítà bi í bóyá yóò gbé e lọ sílé, ó ní rárá o, kí wọ́n bá òun sin ín síbẹ̀, lábẹ́ igi tó wà lẹ́yìn ilé.

Apẹ̀rẹ̀ òfìfo ló gbé padà. Ó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Ó kó gbogbo koríko inú ilé onípákó náà dànù, ó nu pákó rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kí òórùn Òwú má baà kù níbẹ̀, kí Eérú má baà rántí. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n dáadáa á ti mọ̀ pé kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Ní ọjọ́ kejì tí wọ́n sin ọmọ rẹ̀, gbogbo aṣọ olóògbé náà ló fọ̀, tó lọ̀, tó sì tì mọ́ inú àpótí kílẹ̀ tó ṣú.

Eérú jókòó, ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà tí apẹ̀rẹ̀ gbà jáde. Kò jẹun lọ́jọ́ náà. Lọ́jọ́ kejì, ó jẹ ewé kan. Ìyá Kòhàn gbé kárọ́ọ̀tì síwájú rẹ̀, ó fò ó bí ẹni tó fo kùkùté igi. Ó padà lọ bá dókítà, dókítà sì sọ ọ́ fún un láìfi bọpo bọyọ̀: ehoro tí ikùn rẹ̀ bá ṣófo kì í pẹ́, àti pé ẹni tó ti ń gbé ní méjì kò mọ bí a ṣe ń dá gbé. Ó júwe ilé bàbá kan fún un lẹ́yìn ìlú, ẹni tí wọ́n ń pè ní Eléhoro. Ìyá Kòhàn dúpẹ́. Ṣùgbọ́n nínú ọkàn rẹ̀, ó ti ní ètò tirẹ̀. Bí ọmọ náà bá dé tó bá ikú mìíràn nílé, ẹnu rẹ̀ á pa dé pátá, kò tún ní ṣí mọ́. Nítorí náà, kò gbọdọ̀ hàn.

Ó yọ irun Òwú díẹ̀ kúrò lára òòyà tí wọ́n fi ń yà á, ó fi bébà wé e gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń wé fọ́nrán tó bá tú láti inú aṣọ. Ó mú téèpù tó fi ń wọn aṣọ dání. Ní ọjọ́ Ajé, ó dé ọjà tí wọ́n ti ń ta ẹran ọ̀sìn, ó sì ń gbé ehoro funfun lọ́kọ̀ọ̀kan sí ojú oòrùn, ó ń gbé irun inú bébà tì í. Èyí pọ́n díẹ̀. Èyí funfun jù. Ó ń wọn etí, ó ń wọn ẹ̀yìn. Ẹni tó ń tà wọ́n wò ó títí, ó ní, "Màmá, ṣé ẹ fẹ́ rán kóòtù fún un ni?" Ó gbé òmíràn sí ojú oòrùn. Ehoro kẹsàn-án bá a mu láti orí dé ẹsẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ Ẹtì. Ó ní kò hàn.

Bó ṣe gbé e sílẹ̀ nínú ilé onípákó, Eérú fò sókè. Ó sáré lọ bá a. Ó gbóòórùn imú rẹ̀, ó gbóòórùn ẹ̀yìn etí rẹ̀, níbi tó máa ń lá fún Òwú, ó sì dúró. Ìyá Kòhàn rí i bó ṣe dúró yẹn. Lẹ́yìn náà ló bù ú jẹ. Irun funfun kún inú yàrá, ó ń léfòó nínú ìtànṣán oòrùn ọ̀sán, ó ń rọra balẹ̀ sórí tábìlì, sórí áyọ́ọ̀nù, sórí ṣòkòtò oníṣòkòtò. Kí Ìyá Kòhàn tó yọ àlejò náà kúrò, èékánná ti fa ọwọ́ rẹ̀ ya. Eérú padà sí ẹnu ọ̀nà, ó dùbúlẹ̀, kò sì jẹ ewé kan ṣoṣo tó ti ń jẹ mọ́. Ó ti rò pé Òwú ló dé.

Ní ọjọ́rú, Ìyá Kòhàn gbé ehoro funfun náà lọ sọ́dọ̀ Eléhoro, bóyá yóò bá òun ṣe pàṣípààrọ̀. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni bàbá náà. Ó fi pátákó ìkọ̀wé kọ́ ara ògiri, ó kọ orúkọ gbogbo ehoro rẹ̀ sí i pẹ̀lú ọjọ́ orí wọn, bí orúkọ ọmọ kíláàsì. Ó gba èyí funfun, ó ní àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wà nílẹ̀ tí yóò bá gbé. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ìyá Kòhàn nawọ́ sí òmíràn, bàbá náà mi orí. Ó ní ẹni tó ń wá ẹnìkejì dà? Ó ní òun kì í fi ehoro fún ẹni tó dá wá. "Kì í ṣe ẹ̀yin lẹ máa bá a sùn, Màmá. Ẹ lọ gbé ẹni tọ́ràn kàn wá."

Ó gbé Eérú wá ní ọjọ́ kejì. Ehoro náà ti fúyẹ́ débi pé ó ń ṣí apẹ̀rẹ̀ wò lójú ọ̀nà bóyá ó ṣì wà níbẹ̀.

Eléhoro mú wọn wọ yàrá kan tó ṣófo, níbi tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ tẹ́lẹ̀. Ó ní ehoro kì í fara mọ́ àlejò nínú ilé ara rẹ̀, àfi níbi tí kò sí ẹni tó lè sọ pé ibí ni tèmi. Ó da koríko sí àárín, ó gbé àga méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Kó tó mú ehoro kankan wá, ó ní kí Màmá ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìyá Kòhàn ròyìn, ó sì fi ìgbéraga díẹ̀ dé ibi tó ti fọ pákó lẹ́ẹ̀mẹta.

Bàbá náà yí padà wò ó. Ó ní, "Ṣé ó rí òkú ẹnìkejì rẹ̀?"

"Rárá o. Mi ò jẹ́ kó rí i. Àánú rẹ̀ ṣe mí."

"Màmá," ni bàbá náà wí, kò sì gbé ohùn sókè, "ẹ̀yin lẹ mọ̀ pé ó ti kú. Òun ò mọ̀. Ẹ ti gbé e jáde lójú rẹ̀, ó sì ń dúró kẹ́ ẹ gbé e padà. Bó bá rí i ni, á gbóòórùn rẹ̀, á jókòó tì í díẹ̀, á yé e. Ẹni tó ń dúró de èèyàn ò ráyè jẹun."

Ìyá Kòhàn wo ọwọ́ rẹ̀. Kì í ṣe ehoro ló ń rò mọ́. Ìṣó tí ọmọ náà fi báàgì kọ́ ló ń rò, àti ojú tó fi wò ó pẹ́ lọ́jọ́ náà. Ó ti rò pé ọmọ náà ò béèrè nǹkan kan lọ́jọ́ yẹn. Ìbéèrè ni ojú yẹn. Ojú lọ̀rọ̀ wà.

Eléhoro kọ́kọ́ mú ehoro dúdú kan wá, arẹwà, ara rẹ̀ ń dán bí bàtà tuntun. Eérú sá sí abẹ́ àga. Ó mú ọmọdé kan tó ń fò kiri wá. Eérú kọ ẹ̀yìn sí i, ó sì ń fẹsẹ̀ lu ilẹ̀ títí wọ́n fi gbé e lọ. Ẹ̀kẹta ni àgbà kan, àwọ̀ ilẹ̀, tí etí òsì rẹ̀ ya sí méjì láti òkè dé ìdajì. Ó ti sin ẹnìkejì méjì rí, ni bàbá náà wí. Ojú Ìyá Kòhàn lọ tààrà sí etí náà, ìka rẹ̀ sì ń yún un, iṣẹ́ ọwọ́ ò jẹ́ kó sinmi. Bó bá jẹ́ òun ló ń yàn, kò ní mú un láé. Àgbà náà kò ṣe nǹkan kan. Ó rìn lọ sí àárín yàrá, ó kọ ẹ̀yìn sí Eérú, ó dùbúlẹ̀, ó ń jẹ koríko rẹ̀.

Eléhoro ní kí wọ́n jẹ́ kí wọ́n wà bẹ́ẹ̀, òun ń lọ fún àwọn tó kù lómi. Yàrá náà dákẹ́. Oòrùn gba ojú fèrèsé wọlé, eruku ẹfun àtijọ́ ń rá bàbà nínú rẹ̀, ìró ẹnu ehoro tó ń jẹ koríko sì ń lọ, ó ń lọ, bí ìró abẹ́rẹ́ nínú aṣọ tó nípọn. Oorun gbé Ìyá Kòhàn. Ó rí ara rẹ̀ nínú yàrá iṣẹ́ rẹ̀, ẹnì kan sì ń kan ilẹ̀kùn jẹ́jẹ́. Ó mọ ìkanlẹ̀kùn náà. Ọmọ rẹ̀ ni, nínú aṣọ aláwọ̀ ewé tí wọ́n fi sin ín, ó ní kí ìyá òun ṣílẹ̀kùn, òun fẹ́ rí ọmọ òun lẹ́ẹ̀kan kóun tó máa lọ. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ Ìyá Kòhàn. Ṣùgbọ́n dípò kó ṣí i, ńṣe ló ń rán kọ́kọ́rọ́ náà mọ́ inú ìṣẹ́tí aṣọ ara rẹ̀, kíákíá, pẹ̀lú fọ́nrán tí kò hàn, títí òun fúnra rẹ̀ kò fi mọ ibi tó rán an sí mọ́.

Omijé ló jí i. Oòrùn ti kúrò lójú fèrèsé. Eérú ti jáde lábẹ́ àga. Ó dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbà náà, ìhà kan ìhà, ó tẹ orí rẹ̀ sílẹ̀ pátápátá, bí ehoro ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́ bó bá ń tọrọ ìtọ́jú. Àgbà náà ń lá a ní iwájú orí. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, Eérú na ẹnu sí koríko náà, ó sì jẹ ẹ́. Ìyá Kòhàn kò mira títí ó fi jẹ fọ́nrán keje. Nígbà tí Eléhoro dé, inú apẹ̀rẹ̀ kan náà ni wọ́n kó àwọn méjèèjì sí, kí wọ́n lè di ara wọn mú lójú ọ̀nà.

Ọjọ́ Sátidé, bàbá ọmọ náà gbé e dé ní ìrọ̀lẹ́. Oníbéèrè kí ìyá àgbà rẹ̀, ó kọ́ báàgì sí ìṣó, ó sì lọ tààrà sí yàrá iṣẹ́. Ìyá Kòhàn tẹ̀ lé e. Irọ́ ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, kí n má parọ́ fún yín. Ó ṣetán, ó dán, kò ní ojú rírán kankan: Òwú wà lọ́dọ̀ dókítà, yóò dé láìpẹ́. Ọmọ náà kúnlẹ̀ síwájú ilé onípákó, ó wo Eérú, ó wo àgbà aláwọ̀ ilẹ̀, ó wo kọ̀rọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, lẹ́yìn náà ló yí ojú padà wo ìyá àgbà rẹ̀. Ojú tó fi wò ó lọ́jọ́ yẹn náà ni.

Ìyá Kòhàn jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Orúnkún rẹ̀ dún.

Ó ní, "Òwú ti kú. Ní ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà, ibẹ̀ ló kú sí, ibẹ̀ ni wọ́n sin ín sí."

Ọmọ náà ò sunkún. Bàbá rẹ̀ ti dé ẹnu ọ̀nà, fìlà rẹ̀ wà lọ́wọ́, ó ń mi orí sí Ìyá Kòhàn pé kó má sọ jù bẹ́ẹ̀.

"Ṣé Eérú rí i?" ni ọmọ náà wí.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ rẹ̀ láti oṣù mẹ́wàá nìyẹn. Ọkàn Ìyá Kòhàn fò sókè, ìtìjú sì fà á padà wálẹ̀, nítorí pé ó mọ ìdáhùn.

"Rárá. Mi ò jẹ́ kó rí i. Kò sì dáa. Ńṣe ló ń wá a kiri, kò jẹun, díẹ̀ ló kù kó kú."

"Níbo ni wọ́n sin ín sí?"

"Lẹ́yìn ilé dókítà. Abẹ́ igi kan ni, ibòji wà níbẹ̀—"

"Màmá mi ni mò ń béèrè."

Awakọ̀ rélùwéè, ẹni tí ń gbé ẹgbẹ̀rún èèyàn kọjá lórí afárá láìgbọ̀n, fi ọwọ́ di ara ilẹ̀kùn mú. Ìyá Kòhàn gbá ọwọ́ ọmọ náà mú, ó sì sọ ọ́. Ó ní, "Ìyá rẹ ti kú, ọmọ mi. Kò rìnrìn àjò. Èmi ni mo ní kí wọ́n má jẹ́ kó o rí i. Mo ṣẹ̀ ọ́. Ibi tí wọ́n sin ín sí ò jìnnà, òkúta funfun wà lórí rẹ̀, orúkọ rẹ̀ sì wà lára òkúta náà."

Ìgbà náà lọmọ náà sunkún. Ó sunkún bí ọmọ ọdún mẹ́jọ ṣe yẹ kó sunkún, pẹ̀lú ariwo, pẹ̀lú ikun nímú, orí rẹ̀ nínú itan ìyá àgbà rẹ̀. Láàárín ẹkún náà ni ìbéèrè ti ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ọ̀kan lórí èkejì. Aṣọ wo ló wọ̀? Ṣé ó dùn ún? Ṣé ó béèrè òun? Ta ló wà níbẹ̀? Ìyá Kòhàn dá a lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó dùn, ó sọ ọ́. Èyí tí kò dùn, ó sọ ọ́ bó ṣe rí. Nígbà tó dé orí aṣọ aláwọ̀ ewé, ó dìde, ó mú kọ́kọ́rọ́ wá láti inú dúrọ́ọ̀ tábìlì iṣẹ́ rẹ̀, ó sì fi í sí àtẹ́lẹwọ́ ọmọ náà. Ó ní gbogbo aṣọ rẹ̀ tó kù wà nínú àpótí, òun ti fọ òórùn rẹ̀ kúrò, àmọ́ tirẹ̀ ni.

Ọmọ náà nu ojú. Ó na ìka kan gba àárín pákó, ó kan etí àgbà aláwọ̀ ilẹ̀ náà níbi tó ti ya.

"Ṣé ó ṣì ń dùn ún?"

"Ó ti jinná."

"Àmọ́ ó hàn."

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni Ìyá Kòhàn wí. "Ó hàn."

Oníbéèrè ronú sí i díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló fa apẹ̀rẹ̀ wá, ó sì ṣí ilẹ̀kùn ilé onípákó náà. Bàbá rẹ̀ bi í pé kí ló fẹ́ ṣe, ó ní òun fẹ́ gbé Eérú lọ sí ẹ̀yìn ilé dókítà kó lọ gbóòórùn ibẹ̀, lẹ́yìn náà kí wọ́n lọ sí ibi òkúta funfun. Bàbá wo ojú ọjọ́, ó ní ilẹ̀ ò ní pẹ́ ṣú, ṣé kò lè di ọ̀la? Ìyá Kòhàn ti ń wá bàtà rẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Ọmọ náà ti gbé Eérú wọ inú apẹ̀rẹ̀. Ó wo àgbà tó kù sẹ́yìn, tó ti wá dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn, tó ń fi imú wá afẹ́fẹ́ kiri, ó sì gbé òun náà sínú apẹ̀rẹ̀.